Ata Ló Ń Yan Wáìnì

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Kìsí, ní Ìgbòho, ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní Ṣakí, títí dé Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá fún yín lónìí. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ọlọ́kadà tó tan rédíò sétí lójú ọ̀nà, etí nìkan ni kí ẹ fi mu tiyín títí ẹ ó fi délé. Ẹ̀yin ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ lọ bá ìyá yín nídìí ààrò, ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà níbẹ̀ fún yín.

Wáìnì ilẹ̀ Spéìn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bi ara rẹ̀ léèrè níbẹ̀ yẹn pé, kí ló kan Kìsí kan Spéìn? Ó kàn wá o. Ẹ wo orí tábìlì lóde ìnáwó wa. Bí wọ́n ń gbéyàwó ni, bí wọ́n ń ṣílé ni, bí ẹnì kan joyè ni, ìgò wáìnì kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí èyí tó ti South Africa wá níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n Baron de Valls, ará Spéìn ni. Don Simon inú páálí, ará Spéìn ni òun náà. Iléeṣẹ́ García Carrión ló ń ṣe é, ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wáìnì ní ìlú Jumilla lọ́dún 1890. Orílẹ̀-èdè yẹn ló ní ilẹ̀ oko àjàrà tó fẹ̀ jù lọ láyé, síbẹ̀ Ítálì àti Faransé ló sábà máa ń pọntí jù ú lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló fà á. Ní La Mancha, láàárín gbùngbùn Spéìn, òjò kì í tó, wọ́n sì ń gbin igi àjàrà jìnnà síra wọn kí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lè rí omi mu. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tó ti dúró wojú ọ̀run títí di oṣù Karùn-ún kò nílò kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ń rà á, a ń gbé e fúnra wa lẹ́bùn, àmọ́ bí a ṣe ń mu ún ló ń yà mí lẹ́nu. Àwọn èèyàn á jẹ ìrẹsì tán, wọ́n á jẹ ẹran tán, wọ́n á fọwọ́, ìgbà náà ni alága ìjókòó á wá ní kí wọ́n ṣí wáìnì. Wọ́n á ya fọ́tò, oníkálukú á fẹnu kàn án, ó parí. Wáìnì ti di ọ̀ṣọ́ orí tábìlì. Nílẹ̀ Spéìn, ọtí kì í dá wá. Ní ìlú Granada, tí o bá béèrè ife wáìnì kan ṣoṣo, wọ́n á gbé àwo kékeré kan tì í láìgba kọ́bọ̀ kún owó ọtí: èso ólífì lè wà níbẹ̀, tàbí ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín, tàbí ẹyin tí wọ́n fi ọ̀dùnkún dín, tàbí wàràkàṣì. Tapas ni wọ́n ń pe àwo kékeré bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, ẹni tó ń mutí láìfi nǹkan kan jẹnu kò mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àṣà àjèjì nìyẹn, ẹ jẹ́ ká ya ilé ọlọ́tí bàbà tiwa wò, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní bùrùkùtù. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń pọn ọ́n, mo kí yín, ẹ kú làálàá. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sómi fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Wọ́n á gbọ́n omi rẹ̀ dànù, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó títí yóò fi hu. Tó bá hu tán, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi sílẹ̀ nínú ìkòkò kó kan. Nínú híhù yẹn ni iṣẹ́ gbé wà. Ìgbà tí ọkà bá hu ni ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń di adùn, adùn yẹn sì ni ìwúkàrà ń jẹ tó fi ń di ọtí. Ẹni tó ń pọn wáìnì kò rí wàhálà yìí, nítorí ṣúgà ti wà nínú omi àjàrà láti orí igi. Ẹ fún un, ẹ fi sílẹ̀, yóò di ọtí. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọlọ́tí bàbà gba ọgbọ́n jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáìnì ló ń gba owó ńlá.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ọtí náà kan, ó ki díẹ̀, agbára rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tutù láti inú ìkòkò amọ̀. Kí ni wọ́n ń jẹ tì í? Ẹran ewúrẹ́ tí ata mú ni, tàbí àkàrà, tàbí ẹ̀pà, tàbí ẹran òyà tí wọ́n yan. Ata á jó ẹnu, wọ́n á gbé igbá, ọtí kíkan á pa á, ọwọ́ á tún padà sínú àwo ẹran. Ọtí yẹn àti ata yẹn ti bára wọn gbé pẹ́, wọ́n ti mọ ìwà ara wọn. Òun ni mo fẹ́ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n tí a bá fẹ́ ra ti Spéìn.

Ìwé àwọn Òyìnbó lórí wáìnì ní òfin kan tí gbogbo ayé ti há sórí: pupa fún ẹran, funfun fún ẹja. Òfin yẹn kò burú fún ẹni tó jẹ́ bọ́tà àti iyọ̀ ló fi ń se ọbẹ̀. Tó bá dé ìdí ìkòkò tiwa, kò wúlò mọ́. Ẹran àti ẹja ń jókòó pọ̀ nínú abọ́ kan náà, pọ̀ǹmọ́ wà láàárín wọn, irú wà lábẹ́, ata rodo sì bo gbogbo wọn. Ata yẹn ni kí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń ta wá nínú ata kì í yòrò nínú omi lásán, inú òróró àti inú ọtí ló ń yòrò sí. Agbára ọtí fúnra rẹ̀ náà a máa ta ọ̀fun níbi kan náà tí ata ti ń ta á. Nítorí náà, tí ẹ bá gbé wáìnì pupa tó lágbára, èyí tí wọ́n kọ ìdá 14 tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí sí lára, lé ọbẹ̀ aláta, ẹ ti da epo síná nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà nínú èèpo àjàrà pupa, tó máa ń fún ẹnu pọ̀ bí èso kajú tí kò pọ́n dáadáa. Ata àti irú ń sọ ọ́ di kíkorò. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àwọn ò fẹ́ràn wáìnì pupa, gbẹ̀gìrì onírú ni wọ́n jẹ tán kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Kò yẹ kí wọ́n dá wáìnì lẹ́bi, kò sì yẹ kí wọ́n dá gbẹ̀gìrì náà lẹ́bi.

Wáìnì tí yóò bá ọbẹ̀ aláta wa rìn gbọ́dọ̀ níwà ọtí bàbà: kó kan tàbí kó dùn díẹ̀, kí agbára rẹ̀ má pọ̀, kó sì tutù. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Spéìn.

Èyí tó sún mọ́ ọtí bàbà jù lọ ni txakoli, ẹ pè é ní ṣàkólì. Àwọn ará ilẹ̀ Basque, lápá àríwá lẹ́bàá òkun, ló ń ṣe é. Funfun ni, ó kan, ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, agbára rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní 11 tàbí 12. Ẹni tó ń bù ú á na apá sókè, á gbé ìgò jìnnà sí ife, kí ọtí náà lè já wálẹ̀ kó hó. Ẹran ewúrẹ́ aláta kò lè bà á jẹ́. Ìbátan rẹ̀ ni Albariño ti Galicia, níbi tí òjò ti ń rọ̀ ju ọ̀pọ̀ ibi ní Spéìn lọ. Rías Baixas ni wọ́n ń kọ sára ìgò rẹ̀, láti ọdún 1988 tí ìjọba ti fún àgbègbè náà ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi jẹ ẹja òkun. Àwa tí òkun jìnnà sí, ẹ fi jẹ ẹja àrọ̀ tútù nínú ọbẹ̀ ata olómi, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Fún gbogbo ohun tí a bá dín, cava ni. Ní Catalonia ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Josep Raventós, ti ìdílé Codorníu, ló pọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó lórúkọ, lọ́dún 1872. Inú ìgò fúnra rẹ̀ ni ọtí yẹn ti ń kan lẹ́ẹ̀kejì, ó kéré tán oṣù mẹ́sàn-án ló ń lò níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni hóhó rẹ̀ ti wá. Kíkan rẹ̀ àti hóhó rẹ̀ ń fọ òróró kúrò lẹ́nu. Dùndú iṣu Kìsí tó gbóná, òjòjò, àkàrà tí ata rẹ̀ kò pọ̀: kò sí èyí tí kò gbà. Ata púpọ̀ nìkan ni kí ẹ yẹra fún nídìí rẹ̀, torí hóhó yẹn a máa ru ata sókè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí wàrà díẹ̀, torí òun ni mo gbà pé Òkè-Ògùn fi lè yangàn. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń fi omi ewé bòmubòmu dì í, tí wọ́n ń gbé e wọ ọjà wa láàárọ̀, iṣẹ́ wàràkàṣì gidi ni wọ́n ń ṣe. Ní Spéìn, tí ẹ bá rí wàràkàṣì, wáìnì kò ní jìnnà. Wàrà tútù, tó funfun, tí a kò tíì dín, ẹ gbé Verdejo ti Rueda sí i. Wáìnì funfun kan ni, tó ń ta sánsán bí ewéko. Ṣùgbọ́n wàrà díndín, tí ara rẹ̀ ti pupa, tí iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, ti fino ni.

Fino yìí, ìyanu ni. Ìlú Jerez ní gúúsù Spéìn ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí ilẹ̀ ẹfun kan tó funfun tí oòrùn fi ń ta padà sójú èèyàn. Wọn kì í kún àgbá igi rẹ̀ dé ẹnu. Nínú àlàfo tó ṣẹ́kù lókè yẹn, ìwúkàrà á hù bo ojú ọtí, á funfun bí ìbòrí, kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án. Abẹ́ rẹ̀ ni ọtí náà yóò wà fún ọdún méjì ó kéré tán, tí wọ́n á máa bu ti ọdún àtijọ́ fún títà, tí wọ́n á máa fi èyí tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà àti èwe ṣe ń pàdé nínú ìgò kan. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà. Ó gbẹ, ó ní adùn iyọ̀ àti ti álímọ́ńdì. Agbára rẹ̀ tó 15, nítorí náà ẹ má gbé e lé ọbẹ̀ aláta. Ẹ fi jẹ ẹ̀pà yíyan. Ẹ fi jẹ kílíṣí tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n so rọ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ni àwọn tiwọn ń fi jẹ. Kílíṣí wa á ṣe iṣẹ́ náà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù haráàmù lórí ẹran.

Ẹ̀gbọ́n fino ni oloroso, láti Jerez kan náà. Òun kò ní ìbòrí ìwúkàrà; afẹ́fẹ́ ń kàn án, ó sì pọ́n dòdò, òórùn rẹ̀ sì dà bí ẹ̀pà tí wọ́n yan. Tí àwọn mìíràn bá ń wá wáìnì tí yóò lè dúró níwájú àmàlà, gbẹ̀gìrì àti irú, tí ata rẹ̀ kò pọ̀, wáìnì pupa ni wọ́n máa ń sáré sí. Oloroso ni èmi á mú. Irú ti kan, ó ti gbó. Ọtí náà ti gbó. Ẹ̀gúsí pàápàá, tí òróró inú rẹ̀ wúwo, rí ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ife kékeré ni kí ẹ mu o, agbára rẹ̀ tó 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò ní tàn yín: ẹ ò ní rí fino tàbí oloroso ní ṣọ́ọ̀bù Kìsí. Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni kí ẹ bi àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá léèrè, kí ẹ sì múra sílẹ̀ fún owó rẹ̀. Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa ni wáìnì pupa olówó pọ́ọ́kú àti sangria inú páálí, àwọn náà sì ní ìlò tiwọn. Sangria kì í ṣe ohun tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Wáìnì ni, èso ni, adùn ni, agbára rẹ̀ kò pọ̀. Láti 2014, òfin àjọṣe ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ pé èyí tí wọ́n bá ṣe ní Spéìn tàbí Pọ́túgà nìkan ló lè máa jẹ́ orúkọ yẹn lásán lára ìgò. Tí ata ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù bá le, adùn rẹ̀ á tù ú ju wáìnì olówó ńlá lọ. Ẹ gé máńgòrò àti ọsàn sí i lásìkò wọn, ẹ kó o sínú kúlà kí àlejò tó dé.

Àwọn tó ń da wáìnì pupa pọ̀ mọ́ Coca-Cola ńkọ́? A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lóde àríyá pé wọn ò lajú. Kalimotxo ni àwọn ará Basque ń pè é, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń mu ún lójú agbo ọdún wọn láìtijú. Àwọn mìíràn ní Spéìn a máa fi míńrà ọsàn wẹ́wẹ́ lú u nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi àwọn tiwa náà sílẹ̀.

Ti wáìnì pupa gan-an, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ orúkọ àjàrà Tempranillo tàbí Garnacha sí lára, tí kò tíì pẹ́. Tí ẹ bá rí Crianza lára ìgò tó ti àgbègbè Rioja wá, ó túmọ̀ sí pé ó ti lo ó kéré tán ọdún kan nínú àgbá igi, tó sì ti pé ọdún méjì kó tó jáde. Reserva ti pé mẹ́ta, Gran Reserva ti pé márùn-ún. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni owó ń gòkè. Àgbò tí wọ́n fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà yan, tí ata kò bù jẹ, òun ni Crianza ń wá kiri. Ọ̀dọ́ àgùntàn inú ààrò ni wọ́n ń fi jẹ ní Castile. Tí ẹ bá ti fi yàjì pa ẹran náà, ẹ gbé Crianza padà sílé.

Ooru wá kù. Àwọn ìwé Òyìnbó lórí wáìnì a ní kí a mu wáìnì pupa ní ìwọ̀n ooru inú yàrá. Yàrá ta ni? Yàrá ìlú òtútù ni, tí ooru rẹ̀ kì í ju 18 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wáìnì tó wà lábẹ́ páànù ní Kìsí nínú oṣù Kẹta ti ń sè. Ní Seville, níbi tí ooru ti ń kọjá 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kò sẹ́ni tó ń mu ún gbígbóná. Ẹ da yìnyín, omi àti ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sínú bákẹ́ẹ̀tì: ìṣẹ́jú 15 tó fún pupa, funfun lè lo ìlàjì wákàtí. Tí kò bá sí iná, tí kò sì sí yìnyín, ẹ fi aṣọ tútù wé ìgò, ẹ gbé e sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Àwọn àgbẹ̀ Spéìn ní ìkòkò amọ̀ kan, botijo, tó ń làágùn lára kí omi inú rẹ̀ lè tutù. Iṣẹ́ tí àmù ìyá àgbà ń ṣe nìyẹn. Ìgbà ọyẹ́ ni ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ jù, torí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi á tètè gbẹ lára aṣọ, á kó ooru lọ. Nígbà òjò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ooru yìí náà ló fi yẹ kí ẹ fura nígbà tí ẹ bá ń rà á. Ìgò tó ti ń wojú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti ọdún tó kọjá, tí kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti yọ orí síta, tí wáìnì funfun inú rẹ̀ ti pọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tò ó síbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá tí wọ́n fi wáìnì ta lọ́rẹ, tí ẹ gbé e sínú ṣóókéèsì pálọ̀ láti ìgbà ìsọmọlórúkọ ọmọ tó ti ń lọ yunifásítì báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i. Ọ̀pọ̀ wáìnì ọjà wa, láàárín ọdún kan sí méjì ló yẹ kó wọ ikùn. Tiyín lè ti di ọtí kíkan pátápátá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi rẹ ẹran.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ti ń gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣeun tí ẹ kò yí rédíò. Spéìn kì í ṣe àjèjì sí yín. Láti 711 ni àwọn Mùsùlùmí ti wọ ibẹ̀, ó sì di 1492 kí Granada tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ní Jerez ni pé ní 966, Kálífà al-Hakam Kejì pàṣẹ pé kí wọ́n hú gbogbo igi àjàrà ìlú náà nítorí ọtí. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé àjàrà gbígbẹ làwọn fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun, ó sì dá púpọ̀ sí. Títí di òní, ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí Spéìn, ẹni tí kò bá mutí lè béèrè mosto: omi àjàrà tí kò tíì di ọtí, tó tutù, tí wọ́n ń bù fún un pẹ̀lú àwo kékeré kan náà tí àwọn yòókù ń gbà. Omi àjàrà inú páálí wà lọ́jà wa, ṣúgà rẹ̀ ló pọ̀. Ẹ fi omi tútù là á, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí yóò fi kan díẹ̀, ẹ gbé e ti ẹran aláta yín.

Àwọn tó ń ṣèpolówó ọjà ti ń na ọwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ọbẹ̀ kan pàtó, ọbẹ̀ lúrú ni o, ilá ni o, kó pè wá lẹ́yìn ìpolówó, kó sì kọ́kọ́ sọ fún mi, ata mélòó ló wà nínú rẹ̀.